Ọkọ̀ òfurufú kò gbéra: owó ni ẹ̀tọ́ èrò, kì í ṣe ìwé

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn Kòrónà ti di àjàkálẹ̀ ní gbogbo ayé. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí ojú òfurufú fi dá. Ní ọjọ́ 17 oṣù náà, àwọn olórí Yúróòpù fi ẹnu kò láti ti ilẹ̀kùn wọn mọ́ àlejò. Ní ọjọ́ 23, Nàìjíríà dá àwọn ọkọ̀ òfurufú tí ń ti òkè òkun wá dúró. Ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ọ̀nà náà padà. Àwọn ọkọ̀ ńláńlá tí kì í sinmi tẹ́lẹ̀ wá tò sílẹ̀ ní pápá bí àgùntàn tí òjò pa.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ti san owó kí ọ̀nà tó dí. Ẹlòmíràn fẹ́ lọ wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Paris. Ẹlòmíràn fẹ́ lọ ra ọjà. Ẹlòmíràn wà ní Brussels, ó fẹ́ wá ṣe òkú ìyá rẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Ìwé ọkọ̀ láti Kùtọnú lọ sí Yúróòpù kì í ṣe ohun tí a ń fi owó ọwọ́ rà. Àwọn mìíràn a máa dá èésú fún ọ̀pọ̀ oṣù kí wọn tó lè rà á.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, iṣẹ́ dé sí orí fóònù wọn. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì tutù. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ bá wọn kẹ́dùn, ó ní ìrìnàjò náà kò ní ṣeé ṣe mọ́, ó ní kí wọn má ṣe ṣe ìyọnu, nítorí wọn yóò gba «avoir». Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn kọ ọ́ ní «bon à valoir» tàbí «bon d'achat». Ó rọrùn kí ènìyàn ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó rò pé owó òun ń bọ̀. Kì í ṣe owó. Ìwé àfirọ́pò owó ni.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì, kí ó fi ọjà Kétu ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní obìnrin kan san owó àpò àgbàdo mẹ́wàá fún alágbàtà, wọ́n sì dá ọjọ́. Ọjọ́ pé, àgbàdo kò sí. Alágbàtà mú ìwé pélébé kan, ó kọ iye owó náà sí i, ó ní: «Ẹ mú un dání, ìyá. Bí ó bá di ọdún tí ń bọ̀, ẹ wá fi ra àgbàdo lọ́dọ̀ mi.» Ìyá náà kò lè fi ìwé yìí san owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀. Kò lè mú un lọ sọ́dọ̀ alágbàtà mìíràn tí ọjà tirẹ̀ kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Bí ọjọ́ tí wọ́n kọ sí orí rẹ̀ bá kọjá, ìwé náà di ohun tí a fi ń dáná. Bí alágbàtà bá sì jẹ gbèsè, tí ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní ọjà, ìwé wà lọ́wọ́ ìyá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò mú un lọ bá. Ní òtítọ́, ìyá yìí ti yá alágbàtà lówó. Kò gba èlé, kò sì sí ẹni tí ó bi í bóyá ó fẹ́ yá a.

Àpẹẹrẹ alágbàtà tí ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní ọjà kì í ṣe àsọdùn. Ní oṣù kejì ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ Air Namibia pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, Alitalia, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Ítálì tí ó ti wà fún ohun tí ó ju àádọ́rin ọdún lọ, fò fún ìgbà ìkẹyìn. Ilé-iṣẹ́ tuntun tí ó gba ipò rẹ̀ kò gba ìwé ọkọ̀ tí Alitalia ti tà.

Kí ni òfin wí? Ní Yúróòpù, òfin kan wà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 261, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2004, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kejì ọdún 2005. Òfin náà sọ pé bí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ bá fagi lé ìrìnàjò, èrò ni yóò yàn: yálà kí wọn wá ọkọ̀ mìíràn fún un, tàbí kí wọn dá gbogbo owó ìwé ọkọ̀ rẹ̀ padà láàárín ọjọ́ 7. Ó tún sọ bí wọn yóò ṣe san owó náà: ní owó ọwọ́, tàbí láti báńkì sí báńkì, tàbí pẹ̀lú ìwé ṣẹ́ẹ̀kì. Lẹ́yìn èyí ni ó wá fi gbólóhùn kan kún un, gbólóhùn yìí sì ni gbogbo ìjà náà dá lé: wọ́n lè fi ìwé àfirọ́pò san án, ṣùgbọ́n bí èrò bá fọwọ́ sí i nìkan. Níbi tí kò bá ti sí ìfọwọ́sí, owó ni.

Ó yẹ kí àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò mọ ibi tí òfin yìí dé, nítorí kì í ṣe òfin àwọn òyìnbó nìkan. Kò bèèrè irú ènìyàn tí èrò jẹ́, kò sì bèèrè ìwé ìrìnnà ìlú tí ó mú dání. Ohun méjì ni ó ń wò: ibi tí ọkọ̀ ti gbéra, àti ẹni tí ó ni ọkọ̀. Gbogbo ọkọ̀ tí ó bá gbéra láti ilẹ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù wà lábẹ́ rẹ̀, ẹni yòówù tí ó ni ín. Ọkọ̀ tí ó bá gbéra láti ibòmíràn lọ sí Yúróòpù wà lábẹ́ rẹ̀ bí ó bá jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Yúróòpù. Nítorí náà, ẹni tí ó fẹ́ wọ ọkọ̀ Air France tàbí Brussels Airlines láti Kùtọnú ní ẹ̀tọ́ kan náà pẹ̀lú ẹni tí a bí ní Paris. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ gba ọ̀dọ̀ Royal Air Maroc tàbí Ethiopian Airlines láti Kùtọnú kò sí lábẹ́ òfin yìí ní àlọ; ní àbọ̀ nìkan, nígbà tí ọkọ̀ bá gbéra láti Yúróòpù, ni ó wọ abẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ méjì kan tún wà nínú òfin náà tí àwọn ènìyàn máa ń dà pọ̀. «Remboursement» ni dídá owó ìwé ọkọ̀ padà. «Indemnisation» ni owó ìtánràn, tí ilé-iṣẹ́ ń san nítorí ìnira tí ó kó bá èrò; ó lè jẹ́ yúrò 250, 400 tàbí 600, gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà náà bá ṣe jìn sí. Bí ìjọba bá ti ọ̀nà nítorí àrùn, ẹ̀bi kò sí lórí ilé-iṣẹ́, kò sì ní san ìtánràn. Ṣùgbọ́n owó ìwé ọkọ̀ kì í ṣe ìtánràn. Owó èrò ni, fún iṣẹ́ tí wọn kò ṣe. Àwọn kan gbọ́ pé «Kòrónà kì í ṣe ẹ̀bi wa», wọ́n sì padà sílé láì bèèrè ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ ìtánràn ni ìdáhùn yẹn bá mu. Kò kan owó ìwé ọkọ̀.

Kí ló dé tí àwọn ilé-iṣẹ́ kò fẹ́ san án? Ó yẹ kí a gbọ́ tiwọn pẹ̀lú. Owó tí èrò san ní oṣù kìíní kò sí nínú àpótí mọ́ ní oṣù kẹrin. Wọ́n ti fi ra epo, wọ́n ti fi san owó òṣìṣẹ́ àti gbèsè ọkọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú àgbáyé, IATA, ṣírò rẹ̀ pé owó ìwé ọkọ̀ tí wọn yóò dá padà tó bílíọ̀nù dọ́là 35. Iye ìrìnàjò ní ọdún 2020 sì fi nǹkan bí ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta dín sí ti ọdún 2019. Wọ́n ní bí gbogbo èrò bá bèèrè owó lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ yóò wó. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èrò pàápàá ti pàdánù iṣẹ́, ọjà ti dí, ilé-ìwé ti dí. Bí ẹnì kan bá ní láti yá ilé-iṣẹ́ ńlá lówó, kò yẹ kí ó jẹ́ ẹni tí ó dá èésú ra ìwé ọkọ̀. Ìjọba Faransé fúnra rẹ̀ ṣètò owó yíyá tí ó tó bílíọ̀nù yúrò 7 fún Air France ní ọdún 2020. Ìyẹn ni irú ẹni tí agbára rẹ̀ ká a.

Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ. Ní ìparí oṣù kẹrin ọdún 2020, orílẹ̀-èdè 12 nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tí Faransé àti Bẹ́ljíọ̀mù wà lára wọn, bẹ Ìgbìmọ̀ Àjọ náà ní Brussels pé kí ó dá òfin náà dúró fún ìgbà díẹ̀, kí ìwé àfirọ́pò lè tó. Ìgbìmọ̀ kọ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún, ó gba àwọn ilé-iṣẹ́ ní ìmọ̀ràn pé bí wọ́n bá fẹ́ kí èrò gba ìwé, kí wọn jẹ́ kí ìwé náà níye lórí: kí ó lè ṣiṣẹ́ fún oṣù 12 ó kéré tán, kí ẹnì kan dúró fún un bí ilé-iṣẹ́ bá wó, kí wọn sì san owó rẹ̀ bí èrò kò bá lò ó. Ṣùgbọ́n ọwọ́ èrò ni yíyàn ṣì wà. Nígbà tí ó di oṣù keje, Ìgbìmọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ lórí Ítálì àti Gíríìsì, nítorí pé wọ́n ṣe òfin tí ó gba yíyàn yìí lọ́wọ́ èrò.

Ní Amẹ́ríkà, ìjọba kò jẹ́ kí ó pẹ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2020, iléeṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ìrìnnà kéde pé àrùn kò yí ohunkóhun padà: ẹni tí ó fagi lé ìrìnàjò gbọ́dọ̀ dá owó padà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ó kéde pé ilé-iṣẹ́ 6, tí TAP ti Pọ́túgà àti Air India wà lára wọn, ti dá owó tí ó ju mílíọ̀nù dọ́là 600 lọ padà fún èrò, wọ́n sì san owó ìtánràn fún ìjọba nítorí pé wọ́n pẹ́. Láti ọdún 2024, òfin tuntun níbẹ̀ sọ pé kí owó náà padà fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé èrò kọ lẹ́tà kankan.

Ní Yúróòpù, èrò ni ó ṣì gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ó fẹ́. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sí ti di ohun ńlá. Ẹjọ́ kan tí ó dé Ilé-ẹjọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní Luxembourg fi hàn bí ó ṣe rí. Èrò kan ra ìwé ọkọ̀ TAP láti Fortaleza ní Bràsílì, gba Lisbon, lọ sí Frankfurt ní Jámánì. Oṣù keje ọdún 2020 ni ó yẹ kí ó rìn. Ilé-iṣẹ́ fagi lé e. Èrò náà wọ ojú ewé TAP lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Níbẹ̀, ọ̀nà méjì wà. Bí ó bá fẹ́ ìwé àfirọ́pò, kí ó kún fọ́ọ̀mù, yóò sì rí i gbà lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá fẹ́ owó, kí ó kọ́kọ́ wá àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà rí, kí wọn yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Èrò kún fọ́ọ̀mù. Ó gba ìwé tí iye rẹ̀ ju owó tí ó san lọ díẹ̀. Lára ohun tí ó gbà nígbà tí ó ń kún fọ́ọ̀mù náà ni pé ẹni tí ó bá gba ìwé kò lè bèèrè owó mọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bèèrè owó. Wọ́n ní èrò kò fi kálàmù fọwọ́ sí ohunkóhun. Òfin wí pé ìfọwọ́sí. Níbo ni ìfọwọ́sí náà wà?

Ilé-ẹjọ́ dáhùn ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 2024. Ó ní ìfọwọ́sí kì í ṣe kálàmù nìkan. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kún fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ó yan ìwé dípò owó, ti fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ fi àdéhùn kan sí i: ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti ṣàlàyé ohun gbogbo fún èrò ní ọ̀nà tí ó hàn gbangba, láì fi nǹkan pamọ́, kí èrò lè mọ ohun tí ó ń yàn. Bí wọn kò bá sọ fún un pé owó wà níbẹ̀ fún un, tàbí tí wọ́n dá a rú, ìfọwọ́sí náà kò mú un.

Ìdájọ́ yìí mú àǹfààní àti ewu wá. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ìfọwọ́sí. Ilé-iṣẹ́ tí ó kàn fi «avoir» ránṣẹ́ sí orí fóònù ènìyàn kò tíì sanwó. Ẹni náà kò yàn án. Ewu rẹ̀ ni pé ìka kan tí ó bá kan ojú fóònù tó láti fọwọ́ sí ohun tí ó tó yúrò 1000, èyí tí í ṣe 655 957 owó sẹ́fà. Láyé àtijọ́, ẹni tí kò mọ̀wé kà a máa fi àtàǹpàkò tẹ ìwé, ẹ̀rù a sì máa bà á, nítorí ó mọ̀ pé òun ń tẹ nǹkan. Lórí fóònù, ẹ̀rù kì í bani. Bọ́tìnì aláwọ̀ ewé tí wọ́n kọ «J'accepte» sí rọrùn láti tẹ̀ ju èyí tí wọ́n kọ «Autres options» sí lábẹ́ rẹ̀ lọ. «J'accepte» ni «mo gbà». «Autres options» ni «àwọn ọ̀nà mìíràn». Ibẹ̀ ni owó sábà máa ń wà.

Ohun mìíràn tí ó ti fi owó ṣòfò fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìkánjú. Òfin 261 dúró lórí pé ilé-iṣẹ́ ni ó fagi lé ìrìnàjò. Bí èrò fúnra rẹ̀ bá kọ̀wé pé òun kò lọ mọ́, nítorí pé ẹ̀rù àrùn ń bà á tàbí pé ìwé àṣẹ ìwọ̀lú rẹ̀ kò jáde, ohun tí ó bá wà nínú àdéhùn ìwé ọkọ̀ ni yóò gbà, ó sì lè jẹ́ pé kò ní gba nǹkan kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, ẹni tí ó fagi lé ìrìnàjò tirẹ̀ ní ọjọ́ Ajé lè gba ìwé àfirọ́pò. Ẹni tí ó dúró títí ilé-iṣẹ́ fi fagi lé e ní ọjọ́ Ẹtì ní ẹ̀tọ́ sí owó. Ọkọ̀ kan náà ni.

Àwọn tí ó ra ìwé ọkọ̀ lọ́wọ́ alágbàtà ní Kùtọnú tàbí ní Lomé bọ́ sínú ìṣòro tiwọn. Alágbàtà ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ni kò tíì dá owó padà; ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ní kí wọn padà sọ́dọ̀ alágbàtà. Òfin kò dá alágbàtà mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí: ilé-iṣẹ́ tí ó ni ọkọ̀ ni ó jẹ gbèsè. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, lẹ́yìn ìjíròrò pẹ̀lú Ìgbìmọ̀ ní Brussels, ilé-iṣẹ́ ńlá 16 ṣe ìlérí. Air France, Brussels Airlines, KLM, Lufthansa àti TAP wà lára wọn. Wọ́n gbà pé èrò tí alágbàtà bá dà láàmú lè wá bèèrè owó lọ́dọ̀ àwọn tààrà. Púpọ̀ nínú wọn tún gbà láti fi owó pàrọ̀ ìwé àfirọ́pò tí wọ́n fi tipátipá fún èrò ní ìbẹ̀rẹ̀ àrùn náà, bí èrò kò bá tíì lò ó.

Bíbèèrè náà kò gba lẹ́tà gígùn. Gbólóhùn mẹ́ta tó, ẹnikẹ́ni sì lè dà á kọ: «Mon vol a été annulé par la compagnie. Je demande le remboursement de mon billet en argent. Je refuse l'avoir.» Ìtumọ̀ rẹ̀ ni: ilé-iṣẹ́ yín ni ó fagi lé ìrìnàjò mi, mo ń bèèrè kí ẹ dá owó ìwé ọkọ̀ mi padà, n kò gba ìwé àfirọ́pò. Lábẹ́ rẹ̀ ni kí ẹni náà kọ orúkọ rẹ̀ bí ó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà, ọjọ́ ìrìnàjò, àti nọ́ńbà tí ó wà lórí ìwé ọkọ̀. Bí ó bá jẹ́ ìwé ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ tí ó rà pọ̀, tí wọ́n sì fagi lé àlọ, kí ó bèèrè owó méjèèjì.

Fún àwọn ọkọ̀ tí òfin Yúróòpù kò kàn, bí ọkọ̀ tí ń ti Kùtọnú lọ sí Abidjan tàbí sí Casablanca, ọ̀nà náà kò tẹ́ pẹrẹsẹ tó bẹ́ẹ̀. Àjọ UEMOA, tí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà nínú rẹ̀, ṣe òfin nọ́ńbà 03 ní ọdún 2003 lórí èrò tí wọ́n kọ̀ láti gbé, ìrìnàjò tí wọ́n fagi lé, àti ọkọ̀ tí ó pẹ́ jù. Iléeṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú ní ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ANAC. Ó wà ní Kùtọnú, ó sì wà ní Lomé.

Ọjọ́ náà ní òpin. Ní Faransé, ọdún 5 ni òfin fún ẹni tí ó fẹ́ pe ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ lẹ́jọ́ lórí ìrìnàjò tí wọ́n fagi lé. Ní Jámánì, ọdún 3 ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ rìn ọ̀nà yìí, ìwé mẹ́ta ni yóò lò: ìwé ọkọ̀, ẹ̀rí pé ó sanwó, àti iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ fi ránṣẹ́ pé ọkọ̀ kò lọ mọ́. Èyí tí ó kẹ́yìn ni ó máa ń sọnù jù, nítorí inú fóònù ni ó wà, fóònù sì ń bọ́ sómi, olè sì ń jí i. Ní ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tẹ̀wé lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé ní owó táṣẹ́rẹ́.